Bí igi gọ́ọ̀fù tẹ́ ẹ rà bá ń ṣe yín bí ayédèrú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó putter àtijọ́ jọ, ìyẹn igi gọ́ọ̀fù tí wọ́n fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù wọ ihò, tára yín ò bá ti gba èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ má tíì pariwo olè o. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má dán an, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀ dáadáa, tàpótí tí wọ́n fi gbé e wá.

Ẹ jẹ́ ká mú Anser, putter kan tí iléeṣẹ́ Ping ń ṣe. 1966 ni Karsten Solheim tó dá Ping sílẹ̀ gbé e jáde, ìyàwó ẹ̀ Louise ló ní kó yọ w kúrò nínú Answer torí àyè ò gbà á lára irin náà. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, Scottsdale, orúkọ ìlú kan l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ sára wọn, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Phoenix, ìlú míì níbẹ̀, àwọn Scottsdale yẹn sì lowó wà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ping fúnra wọn ti tún fi Scottsdale sọ putter tuntun lórúkọ, torí náà ẹni tó ta irú ẹ̀ fún yín pé ó ti pẹ́ lè má mọ̀ rárá, kì í ṣe ayédèrú, irọ́ ọjọ́ orí ni.

Idẹ ni wọ́n fi ṣe àwọn àkọ́kọ́ yẹn, ẹ wá mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kan, èyí tó wà lára fíríìjì tó, kẹ́ ẹ fi kàn án. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, irin ni wọ́n kun láwọ̀ idẹ. Tí ò bá lẹ̀, ẹ má tíì jó o, àwọn oníjìbìtì náà mọ ibi tí wọ́n ti ń ta idẹ. Driver, ìyẹn igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, tí wọ́n bá ní titanium ni orí ẹ̀, bákan náà ni, mágnẹ́ẹ̀tì ò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yá ojúlówó lọ́wọ́ ẹni tó ní in, ẹ gbé méjèèjì síra wọn, ẹ wo lẹ́tà, bó ṣe jìn wọnú irin, àlàfo àárín wọn, kẹ́ ẹ tún wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n tẹ́ ẹ fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ìwé ẹ̀rí tó bá a wá ńkọ́? Ẹni tó lè ṣe ayédèrú irin, ṣé bébà ló máa ṣòro fún un ni?

Tó bá wá dá yín lójú, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó tà á, orí ibi tẹ́ ẹ ti rà á gan-an ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́, kì í ṣe WhatsApp, ẹ kàn bi í pé níbo ló ti rí i. Ẹ tètè ṣe é o, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbowó yín padà, 30 ọjọ́ ni eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń fúnni, PayPal tí wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀ 180, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fowó ránṣẹ́ bíi ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, wọn ò ní dá yín lóhùn.

Èyí tówó ẹ̀ bá wọgbó, ẹ ha "ayédèrú" sí abẹ́ ẹ̀, kẹ́nì kankan má bàa tún tà á lọ́jọ́ iwájú. Tèmi wà nílé, òun ni mo fi ń gbé fèrèsé dúró.