"AA Ni Mí, Làkúrègbé Kò Lè Mú Mi": Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Jíìnì àti Àrùn Oríkèé Ara

Ẹ má ṣe fi AA, AS tàbí SS wọn rheumatoid arthritis, ìyẹn làkúrègbé tó ń wú oríkèé ara, tó sì ń bà á jẹ́. Jẹ́nótáìpù tí ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè l'Ọ́yọ̀ọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ. Orí kírómósóòmù 11 (ọ̀kan lára àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé jíìnì nínú ara) ni jíìnì rẹ̀ wà. Jíìnì tó so mọ́ làkúrègbé yìí jù ni HLA-DRB1, orí kírómósóòmù 6 ló wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó fi àjèjì han àwọn ọmọ ogun ara. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan máa ń jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti ṣi ọ̀tá mọ̀, wọ́n á wá dojú ìjà kọ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo oríkèé nínú. Kò sí ohun tí èsì AA fẹ́ sọ nípa ìyẹn. (Ọmọ SS tí ọwọ́ rẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.)

Àwọn mìíràn ti gbà fún kádàrá: "Ìyá wa ní i, àwa náà á ní i." Rárá o. Àwa tá à ń bí ìbejì bí ẹní ń ṣeré ló yẹ kí èyí tètè yé. Nínú 100 ìbejì tí jíìnì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí ọ̀kan nínú wọn sì ní àrùn yìí, nǹkan bí 15 péré ni èkejì tún máa ń ní i. Jíìnì ń ṣílẹ̀kùn ni, nǹkan mìíràn ló ń wọlé. Sìgá wà lára rẹ̀, pàápàá fún ẹni tó bá ní ẹ̀yà HLA-DRB1 yẹn.

Ẹ má sì náwó sórí àyẹ̀wò jíìnì láti òkè òkun. Ẹ̀yà jíìnì PTPN22 tí wọ́n rí ní 2004 pé ó so mọ́ làkúrègbé yìí lára àwọn òyìnbó kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára ọmọ Áfíríkà, nítorí náà bí wọn ò bá rí i lára yín, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn tó sì ń pe làkúrègbé yìí ní àrùn òyìnbó nítorí ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa tún ń ṣe àṣìṣe mìíràn: àwọn Yorùbá wà tó ń gba ìtọ́jú rẹ̀.

Ara ló yẹ kí ẹ wò. Bí àwọn oríkèé kéékèèké ọwọ́ méjèèjì bá wú, tí wọ́n ń le gan-an láàárọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ wá dókítà rí. Anti-CCP àti RF, ìyẹn àwọn èròjà tí ọmọ ogun ara ń ṣe nígbà tó bá ṣi ọ̀tá mọ̀, ni wọ́n máa yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀. RF nìkan ò tó: ó lè fara hàn lára ẹni tí àìsàn ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú, ó sì lè má hàn lára ẹni tó ní làkúrègbé gan-an.

Ewu tó ga jù ni oògùn aláròpọ̀ inú ọ̀rá tí kò lórúkọ. Bí ìrora bá pòórá lọ́jọ́ kejì, ó lè jẹ́ prednisolone tàbí dexamethasone (oògùn sítẹ́rọ́ìdì) ló wà ńbẹ̀. Bó bá pẹ́ lára, ojú á wú, ṣúgà àti ìfúnpá á ga, eegun á di ẹlẹgẹ́; oríkèé á sì máa bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Bí dókítà bá kọ methotrexate, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú làkúrègbé yìí, fún yín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè ba mùdùnmúdùn tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì lè kú. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ fi kan ẹnu.