Bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ gígùn èdè Dutch kí ó tó ṣeé pè

Àwọn ará Nẹ́dálándì kì í fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kàn pọ̀. Wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ó di gbọọrọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ka sílébù láti iwájú. Ẹ ṣe bí alápatà: oríkèé ni kí ẹ wá kí ọ̀bẹ tó balẹ̀.

Ẹ mú avondeten, oúnjẹ alẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí oríkèé rẹ̀: avond (ìrọ̀lẹ́) | eten (oúnjẹ). Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó gé ìhà kọ̀ọ̀kan sí sílébù: a-vond, e-ten. Ẹni tó bá fo oríkèé yẹn á pè é ní a-von-de-ten, àwọn onílé á sì máa wò ó. D tó bá parí avond máa ń dún bíi t, kódà bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé e: a-vont-e-ten. N tó gbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ wọn kì í tiẹ̀ pè é.

Oríkèé lè yí ìtumọ̀ padà pátápátá. Kwartslagen nìyí. Bí ìlà bá wà lẹ́yìn t, kwart | slagen, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo ni wọ́n ń sọ. Bí ó bá wà lẹ́yìn s, kwarts | lagen, ó di ìpele-ìpele òkúta kan tó ń dán bíi dígí. Gbólóhùn tó yí i ká ni kí ẹ bi.

Ìhà àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́: ZIE-ken-huis, ilé ìwòsàn. Stadhuis, gbọ̀ngàn ìlú, ya ọlọ́tẹ̀: huis ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ di àmì ohùn tiwa o. Agbára ni, kì í ṣe dò-rè-mí.

Èyí tó ń dá ahọ́n Yorùbá láàmú ni handschoen, ìbọ̀wọ́ (bàtà ọwọ́ ni wọ́n pè é, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín). Ẹnu wa á fẹ́ ki fáwẹ̀lì "i" bọ àárín: "hanti-sikun". Ẹ pàtẹ́wọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì péré: hant | schoen. S á kọ́kọ́ jáde, ẹ wá ha ọ̀fun bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́nà ọ̀fun, kí oe sì dún bíi u.

Níbi tí fáwẹ̀lì bá ti fẹ́ kọlu ara wọn, àwọn ará Nẹ́dálándì fúnra wọn ló ń fa ìlà náà fún yín láti ìgbà àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1995: zee-eend, pẹ́pẹ́yẹ òkun.