Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá gba rédíéṣọ̀n fún jẹjẹrẹ fùrọ̀: ìwé ìtọ́sọ́nà fún aláìsàn àtàwọn ará ilé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀: jẹjẹrẹ fùrọ̀. Mo mọ̀ pé kò ṣeé sọ láwùjọ. Èmi náà sọ fún àbúrò mi fún odindi oṣù méjì pé ìfun ló ń yọ mí lẹ́nu, kó tó dìgbà yẹn sì rèé, jẹ̀díjẹ̀dí ni mò ń pè é, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde àti kókó kékeré kan tọ́wọ́ mi máa ń kàn tí mo bá ń ṣàn ìdí, ìtìjú ò sì jẹ́ kí n bọ́ pátá níwájú dókítà kankan. Ẹ̀jẹ̀ tí ò bá dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò o.

Nínú èèyàn 10 tó ní àìsàn yìí, bíi 9 ló jẹ́ pé kòkòrò HPV ló fà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti bá ẹlòmíì lò pọ̀ rí ló ti kó HPV láìmọ̀, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lé e lọ fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá wá ń bi yín pé kí lẹ ṣe tẹ́ ẹ fi ní jẹjẹrẹ níbẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Láyé ọjọ́un, wọ́n á gé ibẹ̀ kúrò ni, èèyàn á sì máa yàgbẹ́ sínú àpò tí wọ́n so mọ́ ikùn títí ayé. Ní 1974 ni Dókítà Norman Nigro àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nílùú Detroit l'Amẹ́ríkà kọ ọ́ síta pé àwọn fún aláìsàn ní rédíéṣọ̀n, ìyẹn ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ, pẹ̀lú kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ ẹran tí wọ́n gé jáde wò, wọn ò rí jẹjẹrẹ kankan mọ́ níbẹ̀. Òun ló jẹ́ pé lónìí, rédíéṣọ̀n àti kímò ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì ní nílò iṣẹ́ abẹ rárá.

Ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀ lẹ máa ń gba rédíéṣọ̀n, fún bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tọ àmì tíntìntín sí yín lára, bí ìgbà tí ojú bíírò kanni lára, kí ẹ̀rọ lè máa kọjú síbì kan náà lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ sórí tábìlì líle, wọ́n á jáde, ẹ̀rọ á máa kùn, ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti tán. Kò dùn yín rárá. Ìtànṣán yẹn kì í sì í bá yín délé, ẹ gbé ọmọ yín mọ́ra.

Bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta lọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Awọ ìdí àti abẹ́ á dúdú tàbí kó pọ́n, á bó, á máa ṣomi, ìgbẹ́ gbuuru á dé, ìtọ̀ á máa ta yín bí ata. Ohun tó gbà mí nìyí: kọ́ọ̀pù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, mo máa ń dà á síbẹ̀ bí mo ṣe ń tọ̀ lọ́wọ́, á sì rọjú. Ẹ máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá yàgbẹ́ tán, ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má nù ún. Kò sí ọṣẹ olóòórùn, kò sí ìpara tí nọ́ọ̀sì ò fọwọ́ sí.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe gan-an rèé. Tí wọ́n bá ti béèrè pé báwo ni ìdí, màá ní ó dáa. Ó dáa ńkọ́, mi ò lè jókòó! Nọ́ọ̀sì kan ló ṣàkíyèsí pé gbogbo èèyàn jókòó ní ibi tí a ti ń dúró dókítà, èmi nìkan ni mo fara ti ògiri, ó fà mí wọ yàrá, ó wò ó, ó sì pariwo. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, fún mi. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ ni, mi ò bá má pa ọjọ́ méjì jẹ torí ìrora, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tó bá ń fò báyìí lè dín agbára ìtọ́jú náà kù. Ìrora tó pọ̀, ẹ sọ ọ́ kíá. Tí ibà bá mú ara dé 38, ẹ má dúró dilẹ̀, ẹ pè wọ́n lóru.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má béèrè "ṣé o wà dáadáa", ìdáhùn ẹ̀ ò ju "mo wà dáadáa" lọ. Ẹ béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó lo yàgbẹ́ lónìí, ṣé o ti lo oògùn ìrora.

Tó bá parí, ẹ má retí ìrọ̀rùn lọ́jọ́ kejì, awọ ṣì lè burú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kókó náà sì lè gba tó ọ̀sẹ̀ 26 kó tó rá tán, torí ẹ̀ tí wọ́n bá ṣì rí i ní oṣù kẹta, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọmọ bíbí ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti béèrè, torí nǹkan oṣù lè dáwọ́ dúró pátápátá, nǹkan ọmọkùnrin náà lè má le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ojú ara obìnrin sì lè fún pọ̀, ike kan wà tí wọ́n máa ń fúnni láti fi là á díẹ̀díẹ̀. Wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi, bíi pé a jọ jalè ni. Ẹ gbà á, kẹ́ ẹ sì lò ó.

Ìgbẹ́ á ṣì máa jáni láyà nígbà míì, á ní kíá kíá lòun fẹ́. Pátá kan ṣì wà nínú báàgì mi títí dòní.