Ọmọ ní òun ń rí nǹkan wínníwínní: bí ẹ ṣe lè tọpinpin rẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú

Ẹ gbé bébà àti kíréyọ̀n fún un, kí ẹ ní, "Ya ohun tí ò ń rí fún mi." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń bi í pé, "Ṣé ó dúdú? Ṣé ó ń jó?", "Bẹ́ẹ̀ ni" lọmọ máa dá yín lóhùn sí gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó lọ sẹ́yìn bébà náà.

Ó wá kan bíbo ojú, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń bà á jẹ́. Ojú kan là ń bò lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ sọ ohun tí èkejì ń rí, ká tó pààrọ̀. Tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò ó, á yọjú láàárín ìka. Tí ìyá bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹyinjú, ojú yẹn á kọ́kọ́ ṣe bàìbàì nígbà tó bá kàn án, ìdáhùn á sì dàrú. Ife bébà ni mo fi ń ṣe é: etí ife á jókòó sórí egungun, kò ní kan ẹyinjú. Kọ́ọ̀bù tíì náà ṣe é lò. Kí ọmọ la ojú sílẹ̀ lábẹ́ ife. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Bó bá jẹ́ ojú kan ló ń rí i, ojú yẹn ni kí dókítà kọ́kọ́ wò. Bí méjèèjì bá ń rí i, ó lè jẹ́ láti ọpọlọ.

Ìlà kọ́lọkọ̀lọ tó ń gbòòrò fún ìṣẹ́jú 5 sí 60, tí orí fífọ́ tẹ̀ lé e, túúlu ló sábà máa ń jẹ́. Àwọ̀ roboto tó ń wá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí kì í yí padà, lè jẹ́ wárápá. Wínníwínní tó kún ojú bíi tẹlifíṣọ̀n tí kò mú ìkànnì, tí kò lọ fún ohun tó ju oṣù 3 lọ, lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní visual snow. Wọ́n lè yẹ ojú wò kí wọ́n má rí nǹkan kan. Ọmọ ò purọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní emèrè. Ẹ má sì kán ìtọ̀ tàbí oje ewé sí i lójú.

Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ ọ láàárọ̀ tó sì ń bì, bí ojú kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí bí ọmọlójú rẹ̀ bá ń funfun nínú fọ́tò onífláàṣì, èyí tó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú, ẹ pa bébà tì. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání pẹ̀lú páálí wọn, pàápàá ethambutol tí wọ́n ń lò fún ikọ́ ife, nítorí ó lè ba iṣan tó ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ jẹ́.