Bí mo ṣe gba àkọsílẹ̀ omi ìdọ̀tí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ omi wa

Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún ni mo kó àwọn ọmọ lọ sétí odò kékeré tó ṣàn kọjá lẹ́yìn àdúgbò wa, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Òjò ò rọ̀ láti bí ọjọ́ mẹ́rin, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Àbíkẹ́yìn mi ti bọ́ bàtà, ó fẹ́ kó sómi, ni òórùn gbá mi nímú. Láti ẹnu páìpù ńlá kan lábẹ́ afárá, omi aláwọ̀ eérú ń tú yàà sínú odò, ìfófòó lé lórí rẹ̀, wáìpù tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ sì so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi bí àkísà tí wọ́n sá. Mo fa ọmọ sẹ́yìn. Mo ya fọ́tò mẹ́fà, mo kọ aago sílẹ̀: 10:40.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n ní, "Ìgbẹ́? Nínú odò? Ṣé ẹ kì í sanwó omi níbẹ̀ ni?" À ń san án. A ń sanwó omi ẹ̀rọ, a sì ń sanwó kí wọ́n lè kó omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa lọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó padà sódò. Láti 1989 tí ìjọba Margaret Thatcher ti ta ilé-iṣẹ́ omi fún aládàáni, èyí tó bá ni agbègbè rẹ náà lo máa sanwó fún, o ò lè lọ bá òmíràn. Ìbéèrè ìyá mi yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn.

Mo kọ́kọ́ pe Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó odò àti àyíká, lórí 0800 80 70 60. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ìfisùn. Ẹ má fo ibí yìí o. Nọ́ńbà yẹn ni mo ń tọ́ka sí nínú gbogbo lẹ́tà tí mo kọ lẹ́yìn náà.

Páìpù yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ni èèwọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú níbí, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá bá dé, òfin gbà wọ́n láyè láti tú díẹ̀ sódò kó má baà ru wọlé àwọn èèyàn. Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni mo wí, kì í ṣe ọjọ́ tí oòrùn ń ràn. Láti òpin 2023, gbogbo irú ẹnu páìpù bẹ́ẹ̀ ní England, tó lé ní 14,000, ló ti ní ẹ̀rọ tó ń ka ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àti ìgbà tó dáwọ́ dúró. Ní 2024 nìkan, ìgbà 450,398 ni wọ́n kà. Ẹ̀rí wà nílé, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló wà.

Òfin tí mo fi béèrè rẹ̀ ni Environmental Information Regulations ti 2004, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ nípa àyíká. Àwọn ilé-iṣẹ́ omi ti jiyàn rí pé aládàáni làwọn, òfin náà ò kan àwọn. Fish Legal, ẹgbẹ́ tó ń fi òfin jà fún àwọn apẹja, gbé ọ̀rọ̀ náà títí dé kóòtù ilẹ̀ Yúróòpù, ìdájọ́ tó kẹ́yìn sì jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ní 2015 pé ó kàn wọ́n. Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè, kò gba lọ́yà, o ò sì ní láti sọ ìdí. Ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni wọ́n ní láti fi dáhùn.

Lẹ́tà mi àkọ́kọ́ ní kí wọ́n fún mi ní gbogbo ohun tí wọ́n ní nípa odò náà. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù. Mo wá dín in kù sí páìpù kan, nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, ọdún kan: ọjọ́ àti wákàtí tó ń tú, pẹ̀lú iye omi ìdọ̀tí tí mítà ibùdó ìfọmi ń kà pé wọ́n ń fọ̀ mọ́, ní ìṣẹ́jú 15 sí 15. Ti mítà yìí ló ṣe kókó jù. Ìwé àṣẹ ibùdó náà sọ iye líta tó gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó lè tú ohunkóhun dànù. Bó bá ń tú dànù, tí èyí tó ń fọ̀ ò sì tó iye yẹn, wọ́n ti rú òfin, òjò ìbáà máa rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Hammond, tó ń yẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò nítorí odò Windrush ní Oxfordshire, ni mo wo iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èyí.

Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ìwádìí ìjọba ń lọ lórí àwọn, pé ó lè ba ẹjọ́ jẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Àmọ́ òfin fún mi ní ọjọ́ iṣẹ́ 40 láti ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀wò. Mo kọ ojú ìwé kan péré: mo ní ohun tí mítà ti kà ò lè yí padà torí pé èmi náà rí i, mo kó fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i, mo sì ní bí wọ́n bá tún kọ̀, ó di ọ̀dọ̀ Information Commissioner, ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí irú òfin yìí. Ní ọ̀sẹ̀ keje, fáìlì Excel dé.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. Mo gba àkọsílẹ̀ òjò láti Environment Agency, ọ̀fẹ́ ni, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Sátidé yẹn nìyí: ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní 6:15, ó dáwọ́ dúró ní 14:30. Òjò, 0. Ọjọ́ tó ṣáájú, 0. Líta 40 ni ìwé àṣẹ ní kí wọ́n máa fọ̀. 23 ni mítà kà. Mo ka ìlà yẹn léraléra, ẹsẹ̀ ọmọ mi nínú omi ni mo ń rí. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá ló wà nínú ọdún náà.

Mo kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Environment Agency àti aṣòfin wa. Mo rán wọn létí ilé-iṣẹ́ omi Southern Water, tí kóòtù bu ìtanràn £90 mílíọ̀nù lé ní 2021 fún ìtúdànù 6,971. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òṣìṣẹ́ àjọ náà kan pè mí, ó ní kí n má ṣe pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́ lórí fóònù, torí aago tó wà nínú wọn. Wọ́n ṣì ń wádìí. Mo ti béèrè àkọsílẹ̀ ọdún tó tẹ̀lé e; ọjọ́ iṣẹ́ 20 rẹ̀ á pé ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.