Ọṣẹ ló ba competent cell mi jẹ́

Owó gidi ni mo fi ra competent cell láti òkè òkun, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí E. coli tí wọ́n ti múra rẹ̀ sílẹ̀ láti gba DNA àlejò. Inú òtútù -80°C ló yẹ kó wà títí yóò fi dé ọwọ́ mi, àmọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi há sójú ọ̀nà. Nígbà tí a tú páálí náà n'Íbàdàn, dry ice (carbon dioxide dídì tó yẹ kó mú un tutù) ti pòórá, omi lásán ló kù nínú ìgò. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.

Mo ní ó tán, èmi fúnra mi ni n ó máa ṣe é. Ọ̀nà calcium chloride tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Mandel àti Higa fi hàn lọ́dún 1970 ni mo tẹ̀ lé. DNA àti awọ kòkòrò jọ ní chárìjì òdì ni, ṣe ni wọ́n ń ti ara wọn. Calcium ló ń pẹ̀tù sí i. Mo gbin DH5α, irú E. coli kan tí a ń lò ní yàrá ìwádìí, sínú flask (ìgò yàrá ìwádìí) títí OD, ìyẹn ìwọ̀n bí omi rẹ̀ ṣe ṣú tó, fi dé 0.4.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni abọ́ ampicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò tí kò bá gba DNA náà, mọ́ fo láàárọ̀. Mo ní iná tó ń lọ ló jẹ́ kí centrifuge, ẹ̀rọ tó ń fi yíyí ya kòkòrò kúrò lára omi, gbóná. Mo ra yìnyín lọ́wọ́ ìyá oníyìnyín, mo kó gbogbo nǹkan sínú rẹ̀. Colony (ìdì kòkòrò) mẹ́rin péré ló hù. Ó dùn mí dé egungun.

Lọ́jọ́ kan mo da omi distilled sínú flask tí wọ́n ní ó mọ́, mo mì í. Ìfófòó funfun ru sókè, ó rọ̀ mọ́ ọrùn flask, kò lọ. Ọṣẹ oníyẹ̀fun! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹni tó fọ̀ ọ́ ṣàn án. Ọ̀rá ló pọ̀ nínú awọ kòkòrò, ọ̀rá sì ni ọṣẹ ń tú. Oṣù méjì mi ló bá a lọ.

Mo ra flask tuntun. Mo rọ omi kún un, mo gbé e sínú autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru gíga pa kòkòrò, mo da omi náà nù, kí n tó lò ó. Mo fi nanogram kan pUC19, DNA kékeré tó ń jẹ́ kí kòkòrò borí ampicillin, sí kòkòrò tí mo ṣe níbẹ̀, mo gbé e sínú ooru 42°C fún ìṣẹ́jú àáyá 45, mo dá a padà sórí yìnyín. Mo tẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ sórí abọ́ ampicillin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, colony 183 ni mo kà! Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ fún microgram kan (nanogram 1,000). Mo pe gbogbo ará yàrá wá wò ó.

Ẹ má ṣe bíi tèmi, flask ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó bú iná. Ẹ fi glycerol, tó ń dáàbò bò wọ́n nínú òtútù, sí kòkòrò yín kí ẹ tó dì wọ́n, kí ẹ pín wọn wẹ́wẹ́, torí èyí tó bá ti yọ́ kò ṣeé dì padà. Mo ti lẹ téèpù pupa mọ́ flask mẹ́fà tèmi. Èmi nìkan ló ń fọ̀ wọ́n.