Ẹ Má Tì Í Mọ́ Yàrá O: Àṣìṣe Táwọn Ará Ilé Ń Ṣe Tọ́mọ Bá Ti Wọnú Ọtí Tàbí Tramadol

Èyí tó burú jù ni kẹ́ ẹ ti ẹni tó ń fi páárágà àti ọtí sáṣẹ́ẹ̀tì ṣe oúnjẹ àárọ̀ mọ́ yàrá, kẹ́ ẹ ní dandan kó jáwọ́ lónìí. Ara tọ́tí ti mọ́ lára, tó bá dá lójijì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, á máa làágùn, gìrì lè mú un láàrin ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta ó lè máa bá ẹni tẹ́ ò rí sọ̀rọ̀, ibẹ̀ layé á ti ní wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n á gbé e kiri títí ẹ̀mí á fi bọ́. Ọsibítù ni wọ́n ti ń foògùn rọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ilé tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn pé àwọn ń tọ́jú ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ rántí 2019, ní Gàá-Ọ̀dọ̀tà n'Ílọrin níbí, tọ́lọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 100 jáde nínú ilé kan? Àwọn ẹbí náà ló mú ọ̀pọ̀ wọn lọ síbẹ̀ o. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣàdúà, Ìlọrin la wà, àáfáà ò jìnnà sí wa, àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ bèèrè bóyá dókítà wà níbẹ̀, tí wọ́n bá sì ní ẹ ò gbọdọ̀ fojú kan ọmọ yín fóṣù mẹ́ta, ẹ mú un, ẹ máa lọ sílé yín.

Àwọn mí-ìn á ní kó lọ bá ìyá àgbà l'Ọ́fà tàbí Òmù-Àrán. Ṣé kò sí kẹ́mísì tó ń ta á níbẹ̀ ni?

UITH, ọsibítù ńlá yunifásítì Ìlọrin tó wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, ní dókítà ọpọlọ, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà fún un náà ń bẹ ní Budo-Ẹ̀gbá, ojú ló ń ti àwọn èèyàn torí "ọsibítù wèrè" ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kó páálí táblẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ dání, dókítà á fẹ́ mọ iye mílígíráàmù tó ń gbé mì. NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, táa ń sá fún pàápàá ní kọ́ńsẹ́lọ̀, 0800 1020 3040, ọ̀fẹ́ ni.

Tó bá wá délé tára ẹ̀ ti mókun, ẹ má kàn gbówó lé e lọ́wọ́ pé ó ti tán. Ara tó ti fi Tramadol sílẹ̀ fóṣù kan ò lè gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, tó bá padà lọ da iye yẹn sẹ́nu, èémí lè dúró, nítorí náà ẹ máa tẹ̀ lé e lọ klínììkì lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún un, bó ti wù kó máa ráhùn tó.